Dókítà Africanus Horton, ẹni tó kọ ìwé lórí sòbìà

  

Àwọn àgbà ẹgbẹ́ ní kí n kọ ìtàn ẹnì kan tó ti kú tipẹ́ sínú ìwé ọdún yìí. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín á máa retí ọ̀kan nínú àwọn baba wa tó ti Ilé-Ifẹ̀ wá tẹ̀dó sí orí òkè Atakpamé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi orí jì mí. Dókítà ni mo mú wá lọ́dún yìí. Kì í ṣe ọmọ Atakpamé, kì í tilẹ̀ ṣe ọmọ Yorùbá. Ṣùgbọ́n ó kọ odindi ìwé kan lórí àìsàn tí gbogbo àwa tí a ti lé ní ogójì ọdún fi ojú ara wa rí ní àdúgbò yìí. Sòbìà ni.

Mo rántí ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan. Ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ ni sòbìà ti yọ. Ó kọ́kọ́ lé ròrò bí ibi tí iná jó, ó sì ń ta á bí ẹni tí wọ́n gbé ẹyín iná lé lára. Nígbà tí ó bẹ́, orí aràn náà yọ, ó funfun, ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú. Wọ́n wé e mọ́ igi kékeré kan, wọ́n sì ń yí i díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́, nítorí bí ó bá já sínú ẹran ara, wàhálà mìíràn bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni wọ́n fi yí i. Àkókò tó yẹ kí ó máa kọ ebè ni ó fi jókòó sí ìdí ògiri, tí ó na ẹsẹ̀ sílẹ̀, tí ó ń lé eṣinṣin. Lọ́dún náà, ọjà ni ìyàwó rẹ̀ ti ń ra iṣu tí wọ́n jẹ, àwọn tí ilé wọn kì í ra iṣu rí. Kò sí ẹni tó kú nínú ọ̀rọ̀ yìí. Sòbìà kì í sábà pa ènìyàn, oko ni ó máa ń pa.

Ohun tó jẹ́ kí n ronú kan Horton ni ìbéèrè kan tí mo bi àwọn ọmọ kíláàsì mi ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Mo ní kí wọ́n dárúkọ àwọn dókítà tó kọ ìwé. Pasteur ni wọ́n kọ́kọ́ dá, bẹ́ẹ̀ ni Pasteur kì í ṣe dókítà tó ń wo aláìsàn, onímọ̀ kẹ́míìsì ni. Wọ́n tún dárúkọ Schweitzer ti Lambaréné. Ọmọ kan tó ń ka ìwé dáadáa dárúkọ Jamot, Faransé tó gbógun ti àìsàn oorun ní Kamẹrúùnù. Ibẹ̀ ni ó tán sí. Kò sí ẹni tó dárúkọ adúláwọ̀ kankan. Kí n má purọ́, èmi náà kò mọ ọ̀kan nígbà tí mo wà ní ọjọ́ orí wọn. Ìwé Faransé ni mo kà dàgbà, ìwé Faransé kò sì ní ìdí tí yóò fi sọ ìtàn dókítà àwọn Gẹ̀ẹ́sì fún mi. Ìgbà tí mo ti di tíṣà, tí mo wá lọ kọ́ bí a ṣe ń ka Yorùbá àti bí a ṣe ń kọ ọ́, ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ orúkọ Horton lẹ́nu àwọn tó ti ìhà Nàìjíríà wá.

Ọdún 1835 ni wọ́n bí i, ní abúlé kan tí wọ́n ń pè ní Gloucester, lórí òkè tó wà lẹ́yìn Freetown ní Sàró. James ni orúkọ tí wọ́n fún un. Ìgbò ni bàbá rẹ̀ àti ìyá rẹ̀. Wọ́n ti kó wọn lẹ́rú, wọ́n ti kó wọn sínú ọkọ̀ tó fẹ́ gbé wọn ré kọjá òkun, kí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó gbà wọ́n lọ́nà, tí wọ́n sì sọ̀ wọ́n sí Sàró. Báyìí náà ni ti Àjàyí Crowther tí gbogbo wa mọ̀. Ìlú àwọn tí a gbà lọ́wọ́ ẹrú ni Freetown nígbà náà, oríṣiríṣi èdè ló kún ibẹ̀. Àwọn Yorùbá pọ̀ níbẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn yòókù fi sọ wọ́n ní Àkú, nítorí pé gbogbo ìkíni wọn kò ju ẹ kú èyí, ẹ kú tọ̀hún lọ.

Iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà ni bàbá Horton ń ṣe. Kò lówó. Àwọn míṣọ́nnárì ló rí i pé orí ọmọ náà pé, wọ́n mú un sí ilé ẹ̀kọ́ gíráámà wọn ní Freetown, lẹ́yìn náà ó bọ́ sí Fourah Bay. Iṣẹ́ àlùfáà ni wọ́n ní lọ́kàn fún un. Bóyá ibẹ̀ ni ìbá parí sí, tí ìtàn rẹ̀ kò bá ní kàn wá rárá, bí kì í bá ṣe pé àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ń kú bí ewé ní etí òkun wa.

Ibà ló ń pa wọ́n. Àwọn òyìnbó ń pe etí òkun ilẹ̀ wa ní ibojì òyìnbó, wọn kò sì parọ́. Dókítà tí wọ́n bá rán wá láti tọ́jú wọn ń kú gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó wá tọ́jú. Nígbà tó yá, ìjọba rò ó pé kí wọ́n wá àwọn ọmọ ilẹ̀ tí ara wọn ti mọ afẹ́fẹ́ ibẹ̀, kí wọ́n kọ́ wọn ní iṣẹ́ ìwòsàn, kí wọ́n sì fi wọ́n sínú iṣẹ́ ológun. Ní 1855, wọ́n mú ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́ta ní Sàró: Horton, Samuel Campbell àti William Broughton Davies. Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí Davies, nítorí ọmọ tiwa ni. Àkú ni àwọn òbí rẹ̀, Yorùbá pọ́ńbélé. Nígbà tí ogun ń tú àwọn ìlú Yorùbá ká, tí àwọn kan nínú wa tó sá níbẹ̀ ń wá ibi tí wọn yóò tẹ̀dó sí ní ìhà ìwọ̀ oòrùn níbí, ọmọ Yorùbá kan ń lọ kọ́ iṣẹ́ dókítà ní Lọ́ńdọ̀nù.

Campbell kò lọ jìnnà. Àìsàn kọlù ú lọ́hùn-ún, wọ́n dá a padà sílé, ó sì kú. Horton àti Davies ni wọ́n ṣe é parí. King's College ní Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti kẹ́kọ̀ọ́, wọ́n sì gba ìwé ẹ̀rí oníṣẹ́ abẹ ní 1858. Horton tún lọ sí Edinburgh ní ilẹ̀ Scotland, ó gba oyè dókítà níbẹ̀ ní 1859. Ìgbà yẹn ni ó fi orúkọ kan kún orúkọ rẹ̀ fúnra rẹ̀: Africanus. Ọmọ Áfíríkà ni ìtumọ̀ rẹ̀ ní èdè Látìnì. Àwọn mìíràn tó dé ìlú òyìnbó nígbà náà ń wá orúkọ tí yóò jẹ́ kí àwọn dàbí òyìnbó. Òun fi tirẹ̀ sọ ibi tí ó ti wá, kí ẹnikẹ́ni tó bá rí ìwé rẹ̀ má baà ṣì í mú.

Iṣẹ́ ìwádìí tí ó fi gba oyè náà kò dá lórí àìsàn àwọn ará Edinburgh. Ó kọ ọ́ lórí ilẹ̀ àti àìsàn etí òkun ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ ní ìwé ní ọdún 1859 náà, nígbà tí ọjọ́ orí rẹ̀ jẹ́ ọdún mẹ́rìnlélógún. Lọ́dún náà ló wọ iṣẹ́ ológun Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí dókítà, wọ́n sì rán an lọ sí Gold Coast, tó di Gánà lónìí.

Ohun tó bá pàdé níbẹ̀ kò dùn. Àwọn dókítà òyìnbó tó bá lẹ́nu iṣẹ́ kò fẹ́ rí i. Ẹni tó mọ iṣẹ́ bíi tiwọn, tó ní ìwé ẹ̀rí bíi tiwọn, tí owó oṣù rẹ̀ sì ti àpò kan náà wá, tó tún jẹ́ adúláwọ̀! Wọ́n kọ̀wé sí Lọ́ńdọ̀nù lé e lórí. Wọ́n ní àwọn ọmọ ogun òyìnbó kò ní fẹ́ kí dókítà dúdú fọwọ́ kàn wọ́n. Horton ti dàbá kan síwájú ìjọba nígbà náà. Ó ní kí wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn kékeré kan sílẹ̀ ní Sàró, kí àwọn ọ̀dọ́ máa kọ́ ìpìlẹ̀ iṣẹ́ náà nílé kí wọ́n tó lọ sí òkè òkun. Ìjọba bi àwọn ọ̀gá dókítà etí òkun léèrè, àwọn yẹn sì kọ̀ ọ́. Ìjọba kò sọ pé àbá náà kò dára, wọ́n kàn pa á tì. Wọn kò tún rán ọmọ Sàró kankan lọ kọ́ iṣẹ́ dókítà fún iṣẹ́ ológun mọ́. Ilẹ̀kùn tí Horton àti Davies gbà wọlé, ẹ̀yìn wọn ni wọ́n tì í.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò kan tó kan àwa tí Faransé ṣe ìjọba lé lórí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1860 ni Horton béèrè ilé ẹ̀kọ́ náà. Ọdún 1918 ni Faransé tó dá ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn sílẹ̀ ní Dakar, níbi tí Houphouët-Boigny ti jáde ní 1925. Ọdún 1930 ni ti Yaba ní ìlú Èkó. Ó lé ní àádọ́ta ọdún tí wọ́n fi pa àbá kan tì. Ènìyàn mélòó ló ti kú láàárín ìgbà yẹn nítorí pé kò sí dókítà? Mo fi í sílẹ̀ fún yín.

Horton kò fi iṣẹ́ sílẹ̀. Bí ọgbọ́n bá wà nínú pé kí wọ́n máa gbé ènìyàn kiri kí ó má baà rí ibi jókòó, wọ́n lo ọgbọ́n náà fún un. Anomabu, Cape Coast, Accra, Keta tí kò jìnnà sí Lomé, Gambia, ó dé gbogbo ibẹ̀. Wọ́n tilẹ̀ fi í ṣe adelé alákòóso ìlú ní ibòmíràn. Ohun tí ó yà mí lẹ́nu ni ohun tí ó fi ìrìn náà ṣe. Ní ibikíbi tí wọ́n bá gbé e lọ, ó ń wọn òjò tó rọ̀, ó ń wọn bí oòrùn ti mú tó, ó ń wo irú ilẹ̀ tí ìlú dúró lé, ibi tí omi mímu ti ń wá, ibi tí wọ́n ń da ìdọ̀tí sí, ó sì ń kọ àìsàn tó ń bá àwọn ènìyàn jà ní oṣù kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Aláìsàn kan á wá, á lọ. Ìwé tí dókítà kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí kò lọ. Láti inú àkójọ yìí ni ìwé ńlá rẹ̀ lórí ojú ọjọ́ àti àìsàn ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà ti jáde ní 1867.

Ní 1864, ó wà lára àwọn ọmọ ogun tí wọ́n kó lọ sí ẹ̀bá odò Pra láti dojú kọ Àṣàńtì. Àsìkò òjò ni. Wọ́n jókòó sínú ẹrẹ̀, wọ́n ń dúró de ogun tí kò dé. Ibà àti ìgbẹ́ ọ̀rìn ló bá wọn jà dípò Àṣàńtì, títí tí wọ́n fi kó ohun tó kù nínú wọn padà láìyin ìbọn. Ẹ ò rí i pé ẹni tó ti rí irú nǹkan yìí kò lè gbà pé ọ̀rọ̀ ìlera jẹ́ ọ̀rọ̀ oògùn nìkan. Ibi tí ènìyàn jókòó sí àti omi tó mu wà nínú rẹ̀.

Ẹ má rò pé gbogbo ohun tí ó kọ ló tọ̀nà. Òun àti gbogbo dókítà ìgbà rẹ̀ gbà pé afẹ́fẹ́ burúkú tó ń ti inú irà jáde ló ń fa ibà. Kò mọ̀ pé ẹ̀fọn ni. Kò sí ẹni tó mọ̀, títí di 1897 tí Ronald Ross fi rí i ní ilẹ̀ Íńdíà. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí Horton ní kí wọ́n ṣe nítorí afẹ́fẹ́ burúkú yẹn: kí wọ́n fa omi irà kúrò, kí wọ́n la gọ́tà, kí wọ́n kó ààtàn jìnnà sí ilé, kí wọ́n wá omi tó mọ́ fún ìlú. Bí wọ́n bá ṣe é, ẹ̀fọn á dín kù, ibà á sì dín kù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdí tí ó rò kọ́ ni. Ó ṣì ọ̀nà, ó sì dé ilé. Mo fẹ́ràn rẹ̀ sí i nítorí èyí, nítorí èmi náà ń kọ́ ọmọ ní ohun tí àwọn mìíràn lè wá tú lọ́la.

Ìwé lórí sòbìà jáde ní 1868. Ìwé kékeré ni. Ó sọ bí àìsàn náà ti ń bẹ̀rẹ̀, bí ó ti ń rìn nínú ara, ohun tí ó rò pé ó ń fà á, bí aràn náà ti rí nígbà tí a bá yẹ̀ ẹ́ wò, àti bí a ṣe lè wò ó sàn. Ọdún méjì péré lẹ́yìn rẹ̀, ní 1870, ni ará Rọ́ṣíà kan, Fedchenko, rí àwọn kòkòrò tín-tìn-tín inú omi tí ọmọ sòbìà ń gbé inú wọn kí ènìyàn tó mu wọ́n. Gbogbo àṣírí náà nìyí. Ẹni tí sòbìà ń yọ lẹ́sẹ̀ máa ń ti ẹsẹ̀ bọ omi kí ó lè tù ú, aràn náà á tú ọmọ sínú omi, àwọn kòkòrò yẹn á gbé wọn mì, ẹlòmíràn á sì bu omi náà mu. Lẹ́yìn ọdún kan, sòbìà á bẹ̀rẹ̀ sí yọ lára òun náà. Ó di ìgbà tí wọ́n fún wa ní aṣọ láti máa fi sẹ́ omi, tí wọ́n da oògùn sínú àwọn adágún, tí wọ́n sì gbẹ́ kànga ẹ̀rọ, kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí lọ ní ilẹ̀ wa. Ọdún 2006 ni wọ́n rí i kẹ́yìn ní Tógò. Ní 2011, àjọ ìlera àgbáyé fi ìwé ẹ̀rí hàn pé ó ti tán nílẹ̀ wa. Àwọn ọmọ kíláàsì mi kò rí i rí. Nígbà tí mo ṣàlàyé igi kékeré yẹn fún wọn, wọ́n rò pé àlọ́ ni mo ń pa.

Ní 1868 kan náà ni Horton kọ ìwé mìíràn, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ ọ́n sí jù. Àwọn ọ̀mọ̀wé kan dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní àwọn ọdún wọ̀nyẹn, iṣẹ́ wọn ni láti máa fi ìmọ̀ ara ènìyàn gbè é pé adúláwọ̀ rẹlẹ̀ ju òyìnbó lọ. Wọ́n ní agbárí ọmọ adúláwọ̀ ń yára dì, pé ọpọlọ rẹ̀ kò ní ibi tí yóò dàgbà sí. Ẹlòmíràn ìbá bú wọn. Horton dá wọn lóhùn bíi dókítà. Ó ti gbẹ̀bí ọmọ, ó ti tọ́jú òkú, ó ti tọ́jú alààyè, ó mọ bí agbárí ti rí, ó sì fi hàn pé àwọn tó ń sọ ọ̀rọ̀ náà kò tíì gbé láàárín ẹni tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ wọn. Nínú ìwé yẹn kan náà ni ó ti tò ó lẹ́sẹẹsẹ bí ìlú kọ̀ọ̀kan ní etí òkun ṣe lè ṣe ìjọba ara rẹ̀, láti Gambia títí dé Èkó, Abẹ́òkúta àti ilẹ̀ Ìgbò. Kì í ṣe àlá lásán. Ní 1865, ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin Gẹ̀ẹ́sì ti dá a lábàá pé kí Gẹ̀ẹ́sì máa múra láti kúrò ní ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìlú náà. Horton gbà wọ́n gbọ́. Ohun tí ó dùn mí nínú ìtàn rẹ̀ nìyí: ní 1874, Gẹ̀ẹ́sì sọ Gold Coast di ilẹ̀ tí wọ́n ń ṣàkóso pátápátá, lẹ́yìn ogun Àṣàńtì tí Horton fúnra rẹ̀ ti ṣiṣẹ́ dókítà fún wọn.

Ọdún 1874 yẹn kan náà ni ìwé ìṣègùn rẹ̀ tó tóbi jù jáde, lórí àwọn àìsàn ilẹ̀ tí oòrùn ti ń mú àti ìtọ́jú wọn. Wọ́n tún un tẹ̀ ní 1879. Ìyẹn fi hàn pé wọ́n ń rà á. Àwọn dókítà òyìnbó tó ń bọ̀ wá sí ilẹ̀ wa, irú àwọn tó sọ pé dókítà dúdú kò yẹ, wọ́n ń ra ìwé dókítà dúdú kí ibà má baà pa wọ́n.

Ó fi iṣẹ́ ológun sílẹ̀ ní 1880, ní ipò tó ga. Ó padà sí Freetown. Ó ti rí wúrà ní agbègbè Wassa nígbà tí ó ń yẹ ilẹ̀ wò, ó gba ẹ̀tọ́ láti wa á, ó sì ń gbèrò ọ̀nà reluwé tí yóò máa kó o. (Àwa ará Agbonou mọ ohun tí reluwé ń ṣe fún ìlú. Èyí tí àwọn Jámánì gbé dé ọ̀dọ̀ wa láti Lomé ní ọdún 1911 ló sọ wá di ibi tí ọjà ń já sí.) Ó dá báńkì sílẹ̀ ní Freetown, ó ní àwọn oníṣòwò dúdú kò rí ẹni yá wọn lówó. Àwọn kan máa ń bu ẹnu àtẹ́ lù ú lórí èyí, pé dókítà ti di olówó. Èmi kò rí àbùkù níbẹ̀. Ẹni tó béèrè ilé ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ ìjọba tí wọn kò fún un, ó ku kí ó wá owó tí yóò fi kọ́ ọ fúnra rẹ̀.

Ohun tí ó sì ní lọ́kàn nìyẹn. Nínú ìwé ìhágún rẹ̀, ó fi ohun ìní sílẹ̀ fún ilé ẹ̀kọ́ tí yóò máa kọ́ àwọn ọmọ ní ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. Ó kú ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹwàá, 1883, ẹni ọdún méjìdínláàádọ́ta. Àwọn ẹbí gbé ìwé ìhágún náà lọ sí ilé ẹjọ́. Ẹjọ́ náà pẹ́, owó náà fò lọ, ilé ẹ̀kọ́ náà kò dúró. Báńkì rẹ̀ náà kò yè é. Kò tíì pé ọdún kan tí ó kú tí Nachtigal fi tẹ ìwé àdéhùn ní Togoville, ní ọjọ́ 5 oṣù Keje, 1884, tí àwa náà fi di ti Jámánì.

Ohun tó ṣẹ́ kù ni àwọn ìwé, àti àwọn tó tẹ̀ lé e lójú ọ̀nà tí wọ́n ní àwọn ti tì pa. Ẹni kan nínú wọn yẹ kí a mọ̀ dáadáa. Obadiah Johnson ni, Yorùbá tí wọ́n bí ní Sàró, tí ó kẹ́kọ̀ọ́ ní King's College àti Edinburgh bíi ti Horton. Iṣẹ́ ìwádìí tí ó fi gba oyè dókítà ní 1889 dá lórí ọ̀nà ìwòsàn ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà. Òun kan náà ni àbúrò Samuel Johnson tó kọ ìtàn àwọn Yorùbá. Nígbà tí ìwé àfọwọ́kọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọnù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ẹ̀gbọ́n náà sì ti kú, dókítà yìí ló jókòó ti àwọn àkọsílẹ̀ tó kù, tó tún gbogbo rẹ̀ kọ, títí tí wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ ní 1921. Bí kì í bá ṣe pé ó ti mọ́ ọn lára láti máa kọ nǹkan sílẹ̀, púpọ̀ nínú ohun tí a ń sọ lónìí nípa Ọ̀yọ́ àti nípa ogun tó tú àwọn Yorùbá ká ni à bá máa ṣe àbá rẹ̀.

Nígbà tí mo sọ ìtàn yìí tán ní kíláàsì, ọmọbìnrin kan béèrè bóyá ìwé Horton lórí sòbìà wà ní Atakpamé. Mo ní kò sí. Ó tún béèrè bóyá ẹnikẹ́ni kọ bí àwọn ará Agbonou ṣe ń tọ́jú sòbìà sílẹ̀. Mo ní n kò rí i rí. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó mú kàyé kan wá. Ó ti jókòó ti ìyá rẹ̀ àgbà, ó ti béèrè ewé tí wọ́n ń gún lé e, òróró tí wọ́n ń fi pa á, irú igi tí wọ́n ń wé e mọ́, àti ohun tí wọ́n kì í jẹ kí aláìsàn ṣe. Ó kọ gbogbo rẹ̀ ní èdè wa, àmì ohùn rẹ̀ kò pé, ṣùgbọ́n ó ṣe é kà. Ojú ewé mẹ́rin ni. Ìyá àgbà náà sọ fún un pé ọmọ òun kankan kò béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ òun rí.

Kàyé náà wà lọ́wọ́ mi, ó ṣì kù púpọ̀ nínú rẹ̀ tí a kò tíì kọ nǹkan sí. Ẹ̀yin tí sòbìà yọ lára yín rí, àti ẹ̀yin tí ẹ tọ́jú ẹni tó yọ lára rẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, tí ọdún bá ti parí, ẹ yà sí ọ̀dọ̀ mi ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé, tàbí kí ẹ rán ọmọ yín tó mọ̀wé wá pẹ̀lú ohun tí ẹ rántí. Ẹ má wulẹ̀ sọ pé ọ̀rọ̀ kékeré ni.